Ọjọ́ mẹ́ta nílé Màmá aláró n'Íléṣà: ibi tí ẹ̀rù sísọ́ọ̀sì ti kúrò lára mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ṣèlérí fún àwọn kan pé màá kọ nípa ilé tí mo lọ sinmi sí n'Íléṣà, mo sì ti ń sún un síwájú láti bí oṣù méjì. Kì í ṣe pé mi ò ráyè o, mo fẹ́ kọ́kọ́ rí i bóyá ohun tí mo gbà níbẹ̀ máa dúró lára mi ni, kí n tó fi ẹnu mi jẹ́rìí fún ẹlòmíì. Ó dúró. Torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, èyí tó dáa àti èyí tí wọ́n ṣì ní láti tún ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ mọ ohun tó ń sanwó fún.

Télọ̀ ni mí, Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Lágere. Ọdún 14 rèé tí mo ti wà nídìí máṣíìnì. Fíríhàndì ni ọ̀gá mi kọ́ mi, a kì í yà á sórí pépà, wàá wo èèyàn láti òkè délẹ̀, wàá fi téèpù wọ̀n ọ́n, wàá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́ta mẹ́rin sórí aṣọ, ó parí, sísọ́ọ̀sì ló kù. Nǹkan tí àwọn kọ́sítọ́mà fi fẹ́ràn mi nìyẹn, wọ́n á kàn gbé aṣọ dé, wọ́n á ní "Àǹtí, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín," wọ́n á sì máa lọ.

Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá ni nǹkan yí padà. Ìyàwó kan gbé lésì ìdána wá, yáàdì márùn-ún, àwọ̀ rẹ̀ bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Lésì yẹn ní etí kan tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, etí yẹn ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ gáùn, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo ń lò, ó ti rẹ̀ mí, àwọn ọmọṣẹ́ mi méjèèjì ti lọ sílé. Mo gé e. Ìgbà tí mo gbé e sókè ni mo rí i pé mo ti dorí rẹ̀ kodò, òdòdó yẹn ló wà lókè, mo sì ti gé ọrùn gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ 12 ló kù kí wọ́n ṣe ìdána. A wá irú rẹ̀ dé Ìbàdàn, a ò rí àwọ̀ kan náà. Mo san owó lésì padà, mo tún rán òmíì fún un láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ ó ti gbé àwòrán èyí tí mo bàjẹ́ sórí status WhatsApp rẹ̀, òun àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò bá a bínú, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Owó yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dá ọwọ́ mi dúró. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti mú sísọ́ọ̀sì báyìí, àtẹ́lẹwọ́ mi á lómi, àyà mi á máa já. Màá wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta, màá tún un wọ̀n, màá pe ọmọṣẹ́ kó wá bá mi wò ó, màá ní kí n jẹun ná, kí n tó gé e ilẹ̀ ti ṣú. Kọ́sítọ́mà tó bá ní kí n ṣe é bó ṣe wù mí, ńṣe ni màá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àwòrán ránṣẹ́, torí tó bá jẹ́ pé inú àwòrán ni mo ti wò ó, ẹ̀bi ò ní jẹ́ tèmi nìkan. Ìró àti bùbá, ìró àti bùbá, ohun tí mò ń rán nìyẹn fún oṣù mẹ́fà. Orí mi gbẹ. Ẹni tó máa ń rí sítàìlì lójú àlá, mi ò rí nǹkan kan mọ́, oorun gan-an ò sí tí n ó fi lálàá, aago méjì òru lojú mi máa ń là tí mo máa ń gbọ́ kra kra ìgbà tí mò ń gé lésì yẹn nínú etí mi.

Mo gbàdúrà o. Mo gbààwẹ̀, mo lọ sí ìṣọ́ òru, mo lé ẹ̀mí ìbẹ̀rù títí ohùn fi há mọ́ mi lọ́fun. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀, àdúrà dáa, àwa tí a mọ adùn rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nígbà tí mo wò ó sẹ́yìn, mò ń gbàdúrà bí ẹni tí wọ́n ń lé lójú pópó ni, mi ò jókòó sísàlẹ̀ níwájú Ọlọ́run rí ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wò mí lọ́jọ́ kan tó ní "Ìwọ ọmọ yìí, o ti gbààwẹ̀ tó, lọ sọ́dọ̀ Màmá aláró n'Íléṣà kí o lọ sùn." Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ fi mí ránṣẹ́ sí oníṣègùn ni.

Màmá yìí kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe oníṣègùn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ìmọ̀ Bíbélì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, aláró sì ni ìyá tó bí wọn. Wọ́n ní yàrá mẹ́rin ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n máa ń gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, èèyàn márùn-ún sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, kò jù bẹ́ẹ̀. ₦45,000 ni mo san, oorun òru mẹ́ta, oúnjẹ, aṣọ tẹ́rù funfun yáàdì mẹ́ta àti aró tí ẹ máa fi re é, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n máa gba owó yẹn pé kí ẹ tó gbéra nílé, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, wọn kì í bá èèyàn fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré, èmi sì fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó tún dárúkọ owó sí mi létí títí mo fi kúrò.

Láti Ifẹ̀ síbẹ̀ ò jìnnà, bí kìlómítà 30 ni, dẹ́rẹ́bà wa gba Òṣú kọjá, kí n tó rò ó a ti dé. Ilé náà wà níbi tí ìlú ti ń tán lọ́nà Àkúrẹ́. Kò sí síbọ́ọ̀dù. Màmá ní kí n má gbé orúkọ àti nọ́ńbà àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ ibẹ̀, kó dé ọjà Atákúmọ̀sà, kó bi àwọn tó ń ta àdìrẹ léèrè, wọ́n á júwe fún un. Ọ̀nà tó wọlé síbẹ̀ láti títì ò dáa rárá. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ, ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ lágbede méjì, mo fi ẹsẹ̀ rìn nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tèmi ti báàgì. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí Màmá báyìí, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní "Ìwọ lo ń bẹ̀rù sísọ́ọ̀sì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní "Ó dáa. Fóònù rẹ dà?" Apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi aṣọ aró bò, ibẹ̀ ni gbogbo fóònù ń lọ, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á fún yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ fi pe àwọn ará ilé. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé wọ́n gé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní àmàlà gbígbóná, wọ́n fi yàrá hàn mí, wọ́n ní kí n lọ sùn. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni o! Mo ní "Màmá, kí ni mo máa bá yín ṣe? Kí n bá yín fọ abọ́." Wọ́n ní "Iṣẹ́ tí mo gbé fún ọ nìyẹn, lọ ṣe é."

Mo sùn di aago méje ìrọ̀lẹ́. Mi ò rántí ìgbà tí mo sun oorun ọ̀sán kẹ́yìn, bóyá ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, kò sí máíkì, kò sí ìlù, fìtílà kan àti Bíbélì Yorùbá ńlá kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Màmá ka ìtàn Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Ẹni tó pe iná sọ̀kalẹ̀ ní orí 18, òun náà ló sá fún Jésébélì ní orí 19, tó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi nínú aginjù tó ní kí Olúwa kúkú gba ẹ̀mí òun. Màmá wá bi wá pé, kí ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ ṣe fún un? Ẹnì kan ní ó bá a wí. Ẹnì kan ní ó gbàdúrà fún un. Wọ́n ní rárá, ẹ padà kà á. Oúnjẹ ni! Àkàrà tó wà lórí ẹ̀yinná àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn padà, áńgẹ́lì ò sì bínú pé ó tún sùn, ó tún jí i lẹ́ẹ̀kejì pé dìde jẹun, torí pé ọ̀nà tó kù jìn. Ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ tán ni ohùn jẹ́jẹ́ yẹn tó dé ní Hórébù. Ẹ wò ó, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù Èlíjà, orí Òkè Kámẹ́lì ni wọ́n máa ń dúró sí, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ àkàrà àti oorun yẹn rí. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò mọ ìdí ẹ̀, omi kàn ń bọ́ lójú mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, kò síṣẹ́. Wọ́n kàn mú wa lọ wo ìkòkò aró. Èyí gan-an tó owó tí mo san, torí mo ti ń rán àdìrẹ láti ọjọ́ yìí mi ò mọ ibi tó ti ń wá. Màmá ní àgbá oníkẹ́míkà, ìyẹn ti kọ́stíìkì àti haidrós tí gbogbo ayé ń lò báyìí, àmọ́ wọ́n ṣì ní ìkòkò amọ̀ méjì tí wọ́n ń fi ewé èlú ṣe bí ìyá wọn ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á sá a kó gbẹ. Wọ́n á da omi sórí eérú nínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, omi eérú á máa ro tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀, inú omi yẹn ni èlú máa wà fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn rẹ̀ le o, ẹni tí inú ẹ̀ ò gba òórùn kó jókòó lókèèrè. Ọmọkùnrin kan láàárín wa tó ń ya àwòrán ní "Màmá, ṣé a ò lè dáná sí i kó yá?" Wọ́n ní tí o bá dáná sí i, o pa á nìyẹn, nǹkan ẹlẹ́mìí ló wà nínú ìkòkò yẹn, tó bá ń sùn, ẹ jẹ́ kó sùn.

Ọ̀sán yẹn tí gbogbo wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ni Màmá sọ ìtàn Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, fún wa, torí títì tí èèyàn máa ń gbà kó tó yà wọ ilé yẹn gan-an ni ọ̀nà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ lé lórí. Gbogbo wa mọ ìsọjí 1930 ní Òkè Ooye n'Íléṣà, tí àwọn èèyàn ń ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá rọ́ wá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ti ọdún 1928. Ọmọ tó ti kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà ni wọ́n ń wà lábẹ́ ìjọba nígbà yẹn, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí. Àwọn tó kọ ìtàn wọn ní ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò rí oorun sùn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yẹn kú, wọ́n ṣe é títí kò jí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ohùn tó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀. Màmá ò fi ìtàn yẹn wàásù fún wa. Wọ́n kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìtàn ẹbí, wọ́n dìde, wọ́n lọ wo iyán. Èmi ni mo jókòó tí mò ń rò ó pé ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀, tí irinṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ fún un, Ọlọ́run ò jìnnà sí i lójú ọ̀nà yẹn. Mo ti rò pé Ọlọ́run ti kúrò lọ́dọ̀ mi ni, torí pé ọwọ́ mi ò lè gé aṣọ mọ́.

Iyán yẹn ńkọ́? Iyán Ìjẹ̀ṣà ni, ẹ ò lè rí kókó kan nínú ẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi gbé e. Oúnjẹ ibẹ̀, mi ò ní àbùkù kan láti sọ sí i.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣí Ẹ́kísódù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ lọ ka orí 28. Ní ẹsẹ kẹta, Ọlọ́run sọ fún Mósè pé kó bá gbogbo ọlọ́gbọ́n inú sọ̀rọ̀, àwọn tí òun ti fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún, kí wọ́n rán ẹ̀wù Áárónì. Télọ̀ ni àwọn yẹn! Ẹ̀mí ọgbọ́n láti ran aṣọ! Ẹ tún wá sọ̀kalẹ̀ sí ẹsẹ 31 àti 32, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ ìgúnwà éfódì. Bíbélì Yorùbá pe aṣọ yẹn ní aṣọ aláró, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wá ń sọ pé kí ojú ọrùn wà láàárín rẹ̀, kí wọ́n fi iṣẹ́ híhun gbá etí ọrùn náà yíká, kó má bàa ya. Mo ní kí Màmá tún un kà. Ọrùn ni mo gé tí ayé mi fi dojú rú, Ọlọ́run tó dá ọ̀run àti ayé sì jókòó lórí òkè tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa gbá etí ọrùn aṣọ kó má ya. Ó mọ̀ pé ọrùn aṣọ lè ya. Kò fi ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí télọ̀ lọ́rùn, ó ní kí wọ́n gbá a ni.

Wọ́n tún ṣí orí 31 fún wa, ibi tí Ọlọ́run ti pe Bẹ́sálẹ́lì tó fi Ẹ̀mí kún un fún oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà, wúrà, fàdákà, òkúta gígé, igi fífín. Màmá ní kẹ́ ẹ máa kà á lọ, ẹ má dúró. Bó ṣe sọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà tán báyìí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi ló tẹ̀ lé e, nínú orí kan náà. Iṣẹ́ àgọ́ mímọ́ ni o, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró ní ọjọ́ keje. Wọ́n pa Bíbélì dé, wọ́n ní ó dàárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n pín tẹ́rù fún wa. Wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n ní tí mo bá fẹ́ gé e sí méjì kí n gé e, tí mi ò bá fẹ́ kí n fi sílẹ̀. Mo mú un, ọwọ́ mi ṣì gbọ̀n, mo gbé e sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Wọ́n bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe tí mi ò bẹ̀rù, mo ní abẹ́rẹ́. Wọ́n ní àdìrẹ alábẹ́rẹ́ nìyẹn, òwú nìyí, rán ohun tó bá wá.

Mo jókòó sórí àpótí láti aago mẹ́jọ àárọ̀, mi ò ya nǹkan kan sílẹ̀, mi ò rí àwòrán kankan tí n ó wò. Mo kàn ń ṣẹ́ aṣọ, mò ń rán an, mò ń fà á so. Mo ṣe é yí po, yí po, bí ẹni tó ń di irun ọmọ. Ìgbà tó yá mi ò gbọ́ ariwo ẹnikẹ́ni mọ́, ìgbà tí wọ́n pè mí wá jẹun ọ̀sán ni mo mọ̀ pé wákàtí márùn-ún ti lọ. Tẹ́lẹ̀, bí mo ṣe máa ń rí nìyẹn nídìí iṣẹ́. Mo ti rò pé ìyẹn ti kú.

Ọ̀sán la re é. Ẹ kọ́kọ́ máa rẹ aṣọ sínú omi lásán, lẹ́yìn náà ẹ rọra tì í wọ inú ìkòkò, ẹ ò gbọ́dọ̀ rú u kí ìfófòó má bàa dàrú. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí i rí, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé tí mo bá fà á jáde, aró ni n ó rí. Àwọ̀ ewé ló jáde o, àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, bí omi ewúro. Mo ní mo gbé, mo ti bà á jẹ́, àyà mi já kùú bíi ti ọjọ́ lésì yẹn. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní "Dúró, má fọwọ́ kàn án, afẹ́fẹ́ ló kù." A dúró. Lójú mi báyìí, láti etí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ewé ń di aró díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú, títí gbogbo ẹ̀ fi di aró. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la tì í bọ inú ìkòkò, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló jáde ní ewé tó tún dúdú sí i, gbogbo ìgbà tó bá sì jáde ni mò ń di èémí mi mú.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, la tú u. Abẹ ni wọ́n fi ń tú alábẹ́rẹ́, ẹ máa fi ẹnu abẹ gé òwú tó ti há sínú aṣọ, aṣọ sì wà lábẹ́ ibẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe máa tú u tí ẹ ò ní mú ohun tó mú dání. Mo rò ó pé bóyá kí n bẹ ọmọkùnrin tó ń ya àwòrán yẹn kó bá mi tú u. Mo gbàdúrà kékeré kan, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, "Olúwa, bá mi mú un dání," mo sì bẹ̀rẹ̀. Ó ń tú, ó ń tú, àwọn òrùka funfun ń yọ jáde lára aró, gbogbo wọn pé jọ bí ojú ẹyẹ, mo ń pariwo, wọ́n ń bá mi pariwo. Ìgbà tí mo máa dé àárín, abẹ yọ̀, ó gé aṣọ náà, ó tó gígùn ìka ọwọ́.

Gbogbo ojú dákẹ́. Mo wo ihò yẹn. Ẹ ṣáà gbà mí gbọ́, mo dúró de ẹ̀rù yẹn kó dé, kò dé. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni "gbá a." Mo ní kí Màmá fún mi ní sísọ́ọ̀sì, mo fi gé ihò yẹn sísàlẹ̀ sí i kó gún, mo gé e yíká, fíríhàndì, láìwọn nǹkan kan, ó di ọrùn bùbá. Mo fi òwú funfun gbá etí ẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Bùbá yẹn ló wà lọ́rùn mi nínú àwòrán tí ẹ rí lórí status mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ibi tí mo ti ra àdìrẹ.

Ó yẹ kí n sọ àwọn àléébù ibẹ̀ náà. Iná ò sí ní òru méjì nínú mẹ́ta, wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀ kọjá aago mẹ́sàn-án, ẹni tó bá ń lo fáànù kó mọ̀. Fóòmù yàrá kẹta ti tẹ́ pẹlẹbẹ, obìnrin tó sùn síbẹ̀ ń ráhùn ẹ̀yìn, wọ́n ní láti pààrọ̀ ẹ̀ kíákíá. Ẹ̀fọn wà, nẹ́ẹ̀tì wà ṣùgbọ́n èyí tó wà ní yàrá mi ti lu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ni èèyàn mẹ́fà ń lò, ó mọ́, àmọ́ kan ṣoṣo náà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà gbígbóná lé yín lórí, ẹ lè rò pé wọn ò ṣe nǹkan kan fún yín, torí jẹ́jẹ́ ni gbogbo ẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí bóyá Kristẹni nìkan ni wọ́n ń gbà. Rárá. Alhaja kan tó ń hun aṣọ òkè wà pẹ̀lú wa, wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn ní igun ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n sì mọ àkókò ìrun wọn ju àwa lọ, àárọ̀ kan wà tí Màmá fúnra wọn ló pọn omi àlùwàlá sílẹ̀. Tó bá di ìgbà Bíbélì, Alhaja máa ń jókòó gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn náà mọ Èlíjà, Ìlíyáàsì ni àwọn ń pè é.

Ohun kan tó tún jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ sí Màmá, obìnrin kan wà láàárín wa tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ju tèmi lọ, kò fẹ́ jẹun, ó ń sọ̀rọ̀ ikú. Màmá ò ní kó dúró kí àwọn máa gbàdúrà fún un. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fúnra wọn mú un lọ sí ọsibítù Wesley Guild n'Íléṣà, wọ́n ní àwọn dókítà ọpọlọ wà lábẹ́ ọsibítù ńlá tiwa n'Ífẹ̀, ìgbàgbọ́ ò ní kí èèyàn má lọ, wọ́n sì dá owó ẹ̀ padà fún un. Ibi tí mo ti mọ̀ pé wọn ò fi ẹ̀mí èèyàn tajà nìyẹn.

Tí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, 8 nínú 10. Fóòmù yẹn àti ọ̀nà yẹn ló mú méjì lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò ní purọ́ pé ẹ̀rù ò tún wá mọ́. Ó wá lọ́jọ́ Túsìdé tí mo padà, kọ́sítọ́mà gbé lésì kan dé, ọwọ́ mi tún fẹ́ lómi. Mo pa iná máṣíìnì, mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ ẹní, mo sùn fún wákàtí kan, àwọn ọmọṣẹ́ mi rò pé ara mi ò yá. Mo jí, mo gé e. Lálẹ́, tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iná ti lọ, mi ò kì í gé aṣọ mọ́, ó di òfin ṣọ́ọ̀bù mi, kọ́sítọ́mà tó bá ń kánjú kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọjọ́ Àìkú náà, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pa báyìí, kódà nígbà ọdún. Owó ò dín kù, ó kàn ń wọlé jẹ́jẹ́ ni. Àwọn sítàìlì ti ń wá padà, mo ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mò ń yà wọ́n sí ní àárọ̀, ó ti tó bí ogún, mẹ́rin nínú wọn ni àwọn èèyàn ti wọ̀ jáde n'Ífẹ̀ yìí. Ìyàwó tí mo ba lésì rẹ̀ jẹ́ yẹn, mo rán bùbá ọmọ kékeré kan láti ara ìyókù tẹ́rù yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí i nígbà tó bímọ. Ó pè mí, a sọ̀rọ̀ pẹ́.

Mo fẹ́ padà lọ lóṣù kẹwàá, èmi àti àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi, torí mo ti rí i pé òun náà ti ń bẹ̀rù mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ kó tètè sọ, yàrá mẹ́rin péré ni. Ẹ mú bàtà tí omi ò lè bà jẹ́ dání, ẹ mú nẹ́ẹ̀tì tiyín, aṣọ tí ẹ ò ní ro tí aró bá ta sí i, àti aṣọ tó nípọn díẹ̀, òwúrọ̀ Iléṣà máa ń tutù.